Ẹ̀rọ yege ìdánwò ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé ó ti mọ inú ẹlòmíràn nìyẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo kà á pé àwọn ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ti yege ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọdé ti lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Mo dán an wò fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò gbà á. Mo tún gbọ́ pé ìnàkí pàápàá ti yege. Ṣé ẹ̀rọ àti ìnàkí ti wá gbọ́n ju ọmọ mi lọ ni? Báwo lẹ̀yin olùwádìí tiẹ̀ ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, tàbí nínú ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀?"

Ẹ fọkàn yín balẹ̀ ní ti ọmọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe máa ń dáhùn ló ṣe dáhùn yẹn. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i tí èsì rẹ̀ á yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Ní ti ẹ̀rọ, rárá ni mo wí: yíyege tó yege kò tíì sọ ohun tí ẹ rò pé ó sọ. Àlàyé rẹ̀ gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀, nítorí ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe níṣẹ́ gan-an lẹ bi mí yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí ìdánwò náà. Ọmọlangidi méjì ni, Sally àti Anne. Sally ní apẹ̀rẹ̀, Anne ní àpótí. Sally fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó jáde lọ. Anne yọ bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e sínú àpótí. Sally padà dé, ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣeré. Níbo ló máa kọ́kọ́ wò? Ọmọ ọdún mẹ́ta á nawọ́ sí àpótí lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà lóòótọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò wá lè gbé ohun tó mọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó fi ara rẹ̀ sípò ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tó bá di bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, á ní "inú apẹ̀rẹ̀." Heinz Wimmer àti Josef Perner ló gbé irú ìdánwò yìí jáde ní 1983, pẹ̀lú ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé ṣokoléètì rẹ̀ kúrò níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Ti Sally àti Anne tẹ̀lé e ní 1985, láti ọwọ́ Simon Baron-Cohen, Alan Leslie àti Uta Frith.

Ẹ wá wò ó: "inú apẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kí ló dé tá a fi gbà pé ẹ̀rí òye ni? Nítorí pé a mọ ẹni tó sọ ọ́. Ọmọ yẹn ò gbọ́ ìtàn náà rí, ẹnikẹ́ni ò sọ èsì fún un, kò sì sí ohun mìíràn nínú yàrá tó lè tọ́ka apẹ̀rẹ̀ fún un. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti dí, òye nìkan ló kù tó lè gbé e débẹ̀. Dídí àwọn ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ wa. Bí ọ̀nà kan bá ṣí sílẹ̀ tá ò rí i, èsì tó tọ̀nà lè jáde láti ibi tí òye tá à ń wá ò sí rárá.

Ẹṣin kan ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní Berlin ni, ní 1904. Hans ni wọ́n ń pè é, olówó rẹ̀ sì ni Wilhelm von Osten, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá bi Hans pé 2 àti 3 jẹ́ mélòó, á fi pátákò gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, á dúró. Ó ń rò ó pọ̀, ó ń yọ ọ́, ó ń sọ ọjọ́ tó bọ́ sí nínú oṣù. Èrò ń wọ́ wá wò ó, von Osten kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf ṣáájú yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí ẹ̀tàn kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ Stumpf kan, Oskar Pfungst, ló wá ronú kan ohun kékeré kan. Ó ní kí von Osten sọ nọ́ńbà kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹṣin létí, òun náà á sọ tòun, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì má mọ ti ẹnìkejì rẹ̀, kí Hans wá ro méjèèjì pọ̀. Hans bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀, kò mọ ibi tí yóò dúró mọ́. Nígbà tí wọ́n tún bo ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí olùbéèrè, bákan náà ló rí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ara olùbéèrè ni Hans ń kà. Ẹni tó bá ti bi í ní ìbéèrè á tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti wo pátákò, bó bá sì ti pé iye tó yẹ, orí rẹ̀ á gbé sókè bíńtín láìmọ̀, Hans á dúró. Pfungst fúnra rẹ̀, tó ti já àṣírí náà, rí i pé ó ṣòro fún òun láti má mi orí. Ó gbé ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1907, láti ìgbà náà sì ni ìwádìí tó bá dúró dáadáa ti ń rí i dájú pé ẹni tó ń béèrè kì í mọ èsì.

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí bíi pé Hans gọ̀. Ẹṣin tó rí ìmira orí tí ìgbìmọ̀ odidi ò rí, tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tó sì ń ṣe é fún àlejò tí kò pàdé rí! Làákàyè ńlá nìyẹn. Ìṣirò la ní a fẹ́ dán an wò lé lórí, ohun mìíràn ló mọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo ṣe ìdánwò Sally àti Anne fún ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi í, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wo fídíò rẹ̀ láìsí ohùn. Mo wò ó. Nígbàkígbà tí ẹnu mi bá ti ṣí láti béèrè pé "níbo," ojú mi á kọ́kọ́ bọ́ sí apẹ̀rẹ̀, á tó padà sọ́dọ̀ ọmọ. Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo ọmọlangidi. Ojú mi ló ń wò, lẹ́yìn náà apẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó nawọ́. Ní ọjọ́ kejì mo béèrè pẹ̀lú ojú mi lórí ìwé tí mo mú dání. Àpótí ló nawọ́ sí. Mo pa èsì àkọ́kọ́ rẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba èsì kankan gbọ́, ti ẹran, ti ọmọ, ti ẹ̀rọ, àfi tí mo bá mọ ohun tí ojú olùbéèrè ń ṣe.

Ẹ ti rí i báyìí pé àìlèsọ̀rọ̀ ẹranko kì í ṣe ìdènà tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tó ń ṣe la máa ń wò, a ó sì ṣètò ìdánwò náà kó lè jẹ́ pé tí kò bá ní òye kan pàtó, kò ní lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí ni ti Nicola Clayton àti Anthony Dickinson ní 1998, lórí ẹyẹ kan tó ń jẹ́ scrub jay, ẹyẹ tó máa ń ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ kó tó padà wá hú u jẹ. Wọ́n fún un ní ìdin àti ẹ̀pà, ó ri wọ́n sínú iyanrìn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdin ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ìdin máa ń jẹrà, ẹ̀pà kì í jẹrà. Bí wákàtí 4 péré bá ti kọjá lẹ́yìn tó ri ìdin mọ́lẹ̀, ibi tí ìdin wà ló ń lọ. Bí ó bá ti di wákàtí 124, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún àti díẹ̀, á fi ìdin sílẹ̀, ibi ẹ̀pà ni yóò forí lé.

Ẹ máa sọ pé òórùn ló gbọ́. Àwọn náà ti rò ó. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹyẹ náà padà wá, wọ́n ti kó gbogbo oúnjẹ kúrò, wọ́n sì ti dá iyanrìn tuntun síbẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ń rùn. Ṣé kì í ṣe pé ìgbàgbé ló mú ọ̀rọ̀ ìdin kúrò lórí rẹ̀? Wọ́n ní àwọn ẹyẹ mìíràn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ rí pé ìdin ń jẹrà. Lẹ́yìn wákàtí 124, ìdin ni àwọn wọ̀nyí ṣì ń wá kiri. Ó di dandan ká gbà pé ẹyẹ náà mọ ohun tó rì, ibi tó rì í sí, àti bó ṣe pẹ́ tó. Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn nìyẹn títí tí ẹyọ kan fi kù.

Odídẹrẹ́ tó ń jẹ́ Alex náà yẹ ní dídárúkọ. Irene Pepperberg ló rà á ní 1977, ó sì bá a ṣiṣẹ́ títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Wọ́n á gbé nǹkan méjì tí kò rí rí síwájú rẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló jọra níbẹ̀, á sì dáhùn pé àwọ̀, tàbí bó ṣe rí, tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí kò bá sí èyí tó jọra, á ní kò sí. Ohun tó jẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà gbọ́ ni bí wọ́n ṣe jókòó: ẹni tó ń gbọ́ èsì Alex kọ ẹ̀yìn sí i, kò rí ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹyẹ, ohun tó bá gbọ́ nìkan ló ń tún sọ. Àṣìṣe ti Hans ò lè wọlé níbẹ̀.

Ìnàkí tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ńkọ́? 2016 ni, iṣẹ́ Christopher Krupenye, Fumihiro Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fi fídíò han irú ìnàkí mẹ́ta, chimpanzee, bonobo àti orangutan: ẹnì kan tó wọ aṣọ ìnàkí sá pamọ́ sí ibì kan níṣojú ọkùnrin kan, nígbà tí ọkùnrin náà kúrò, ó jáde níbẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Kámẹ́rà tó ń tọpa ojú fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà ti ń wo ibi tí ọkùnrin náà rò pé ọ̀tá òun wà kó tiẹ̀ tó débẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n wíwo ibì kan àti dídáhùn ìbéèrè kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn ọmọ oṣù 15 náà ti ṣe irú ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ojú yìí, tí Kristine Onishi àti Renée Baillargeon ṣe ní 2005, wọ́n sì dà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ilé ìwádìí mìíràn tún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ìnàkí ẹnikẹ́ni wé ọmọ yín. Ìdánwò tí wọ́n ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó tún yẹ kí n sọ ti ìdánwò tí kò ṣe déédéé, torí ó lè rẹ́ èèyàn jẹ, ó sì lè rẹ́ ẹranko jẹ. Ní Kyoto, ní 2007, Sana Inoue àti Tetsuro Matsuzawa fi hàn pé chimpanzee kan tó ń jẹ́ Ayumu lè rántí nọ́ńbà tó kàn yọ lójú ẹ̀rọ fún nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ìnàkí ti borí èèyàn. Ṣùgbọ́n Ayumu ti fi ìdánwò náà ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 2009, Alan Silberberg àti David Kearns fún èèyàn láyè láti fi kọ́ra, àwọn náà sì bá Ayumu dọ́gba. Ti dígí ló wá rẹ́ ẹranko jẹ: láti 1970 tí Gordon Gallup ti fi àwọ̀ sójú chimpanzee láti mọ̀ bóyá á mọ ara rẹ̀ nínú dígí ni wọ́n ti ń fi ajá ṣẹ̀sín pé kò mọ ara rẹ̀. Imú lajá fi ń mọ nǹkan. Èwo ló kan imú pẹ̀lú dígí?

Ó wá kan ẹ̀rọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ le jù fún, torí pé ohun tó jẹ́ kí a gba ọmọ gbọ́ ni ẹ̀rọ ò ní: ọmọ ò gbọ́ ìtàn náà rí. Ìtàn Sally àti Anne ti wà nínú ìwé, nínú àpilẹ̀kọ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ogójì ọdún, pẹ̀lú èsì rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé. Ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí sì fi kọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Llama 3, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ yìí tí ilé iṣẹ́ Meta gbé jáde ní 2024, ka ègé ọ̀rọ̀ tó lé ní tírílíọ̀nù 15. Ọmọ èèyàn kì í gbọ́ tó mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní ìbéèrè àti ìdáhùn lálẹ́ àná, bó bá gba 100 lónìí, a ò tíì mọ ohun tó mọ̀.

Kí la wá ń ṣe? A ó yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, ní ibi tí ẹni tó lóye ò ní kọsẹ̀. Ní 2023, Tomer Ullman ṣe é báyìí. Nínú ti àtijọ́, àpò kan kún fún gúgúrú, ṣùgbọ́n ṣokoléètì ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Sam rí àpò náà, kò rí inú rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ. Kí ló máa rò pé ó wà nínú rẹ̀? Ṣokoléètì, ẹ̀rọ gbà á. Ullman wá fi gbólóhùn kan kún un: ọ̀rá tí wọ́n ń rí inú rẹ̀ gbangba ni wọ́n fi ṣe àpò náà. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá, torí Sam ń wo gúgúrú lójú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ọjọ́ náà ṣì ní Sam rò pé ṣokoléètì ni. Bí ìtàn ṣe máa ń lọ ló ń tẹ̀ lé, ojú Sam ò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìdánwò Ullman náà ti wà ní gbangba báyìí, ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lè ti kà á. Ìdánwò tuntun la gbọ́dọ̀ máa hun nígbà gbogbo.

Ti àwòrán ló jẹ́ kó tètè yé àwọn èèyàn. Robert Geirhos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ológbò, etí rẹ̀, ìrù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n wá fi awọ erin, tó hunjọ, bò ó lára. Ẹ fi han ẹnikẹ́ni, ológbò ló máa sọ. Ẹ̀rọ tó ń mọ àwòrán dáadáa nígbà náà, 2019, ní erin ni. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń yìn ín pé ó mọ ológbò, awọ ló ń wò. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, irú nǹkan yìí kì í ṣe ẹ̀rín: ìwádìí kan ní 2018 lórí àwòrán X-ray fún òtútù àyà rí i pé ẹ̀rọ náà ń mọ ilé ìwòsàn tí àwòrán ti wá, ó sì ń lo ìyẹn, torí pé àìsàn náà pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí kò mọ̀, agbára rẹ̀ rẹlẹ̀. Hans ni, nínú aṣọ tuntun.

Àwa èèyàn náà ní ẹ̀bi tiwa. Láti 1966 tí Joseph Weizenbaum ti ṣe ELIZA, ẹ̀rọ tó kàn ń dá ọ̀rọ̀ ẹni padà sí ìbéèrè, ni a ti rí i pé bí nǹkan bá ti ń fọhùn, ọkàn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní inú.

Mi ò wá fẹ́ kí ẹ lọ máa sọ káàkiri pé òfìfo ni ẹ̀rọ, torí ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Kenneth Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kan ní Othello, eré orí pátákó tó ní ojú ilé 64. Wọn ò fi pátákó hàn án, wọn ò sọ òfin fún un. Orúkọ ilé tí àwọn òṣèré ń ta sí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, nìkan ló ń kà. Ẹ̀rọ náà kọ́ láti máa ta ibi tó bófin mu. Wọ́n wá tú inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àwòrán pátákó náà níbẹ̀, ọmọ ayò tó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan, dúdú tàbí funfun. Wọ́n fọwọ́ kan àwòrán inú lọ́hùn-ún, wọ́n yí ọmọ ayò kan padà, ibi tí ẹ̀rọ ń ta sí náà yí padà bó ṣe yẹ kó yí. Nígbà tí mo ka èyí, mo dìde kúrò lórí àga. Ẹnikẹ́ni ò lè tú inú ọmọ wò bẹ́ẹ̀, tàbí ti ẹyẹ. Ti ẹ̀rọ ṣeé tú. Níbẹ̀ ni mo gbà pé ìdáhùn ìbéèrè yín máa ti jáde, láti inú rẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu rẹ̀.

Ní báyìí ná, bí ẹ bá fẹ́ tún ọmọ yín dán wò, ẹ má lo ìtàn Sally. Ẹ hun tiyín, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ nínú ilé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agolo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìgò tí wọ́n ń rí inú rẹ̀. Tó bá ti dáhùn, ẹ bi í pé kí ló dé, kí ẹ sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, á wo agolo, á wo ẹni tó jáde lọ, ẹ ó sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ro ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ń bi í, ẹ gbé ojú yín lé ìwé ọwọ́ yín, ẹ má wo agolo.